Gbèsè Tí Ará Etí Ọ̀sà Jẹ Ará Orí Òkè

Orúkọ òkè kò wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú. Òkè-Bálógun àti Òkè-Pósù wà ní Ẹ̀pẹ́. Òkè Ọ̀tá-Ọnà wà ní Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Ilẹ̀ ìlú méjèèjì a máa ga níhìn-ín, a máa rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, títí yóò fi wọ inú ọ̀sà, kò sì sí ibì kan níbẹ̀ tí èèyàn yóò gùn tí orúnkún rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ òkè tó jẹ́ àpáta gidi ní láti wọ ọkọ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn èèyàn sì ń wọ ọkọ̀ náà. Àwọn aládùúrà ń lọ sí Ìkéjì-Arákejì, níbi tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti gbọ́ ìpè ní 1928, wọ́n sì ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ibojì rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń lọ sí Òkè Maria ní Ọ̀tan-Ayégbajú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń lọ wo Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Ìdànrè. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ju owó sínú àpótí, wọ́n á fún àwọn ọmọdé ní búrẹ́dì, ẹgbẹ́ tó bá sì rí jájẹ lè gbẹ́ kànga kan sílẹ̀ fún ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á ní àwọn ti ṣe àánú. Ọ̀rọ̀ yìí, àánú, ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí mo gbà pé orúkọ náà kò bá nǹkan tí a fi ń pè mu, àti pé àṣìpè náà ń ṣe ìpalára fún ẹni tó ń fúnni, fún ẹni tó ń gbà, àti fún òkè fúnra rẹ̀.

Àánú ni ohun tí èèyàn ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó lè bi í pé kí ló dé tí kò ṣe é. Olùfúnni ló ń pinnu iye, òun ló ń yan ọjọ́, òun náà ló ń mú ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ wá, ẹni tó gbà á á sì dúpẹ́ títí ẹnu yóò fi bó. Gbèsè kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yá àgbàdo kò lẹ́nu láti sọ pé ewùrà ni òun yóò fi san án. Kò lè retí ìlù lọ́jọ́ tó bá san án. Olówó lè ní sùúrù fún un, ó tilẹ̀ lè fi jì í, ṣùgbọ́n ọwọ́ olówó ni ìdáríjì yẹn wà, kò sí lọ́wọ́ ajigbèsè. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí ará etí ọ̀sà ń mú lọ fún ará orí òkè, gbèsè ló ń san, àti pé bó ṣe rin ìrìn-àjò rẹ̀ níbẹ̀, ohun tó fọwọ́ kàn àti ohun tó fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, wà lára owó tó ń san.

Omi ni ẹ̀rí tó kọ́kọ́ yẹ ká wò. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní ilẹ̀ olókè Èkìtì, ní agbègbè Ìgèdè. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó gba Òṣogbo, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì já sínú ọ̀sà Lẹ́kí, ní ìtòsí Ẹ̀pẹ́. Odò Ògùn náà ṣẹ̀ ní ilẹ̀ olókè tó wà ní agbègbè Ṣakí, ó la Abẹ́òkúta kọjá, ó sì já sínú ọ̀sà Èkó ní apá ibi tí Ìkòròdú wà. Àwọn ìlú méjì tí kò ní òkè yìí, ẹnu odò òkè ni wọ́n tẹ̀dó sí. Apẹja tó ju àwọ̀n sí ọ̀sà Lẹ́kí, omi tó ti Èkìtì wá wà nínú ohun tó ju àwọ̀n sí. Obìnrin tó pàtẹ ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ọjà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Àwọn ará Májídùn àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí tí òjò bá pọ̀ lókè, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1983, ilé wọn ni omi ń wọ̀, ìbáà jẹ́ pé oòrùn ló ń ràn ní àdúgbò wọn lọ́jọ́ náà. Igbó tí ará òkè kò gé a máa gba òjò mọ́ra, gbòǹgbò rẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú, omi a sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Tí igbó yẹn bá tán, òjò kan náà a sáré bọ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀, a sì dí ojú odò. Àgbẹ̀ Èkìtì tó fi igbó etí odò sílẹ̀ láìro kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀ wà, kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó ṣe é lóore. Èèyàn tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn lójoojúmọ́ láìsan, tó wá mú díẹ̀ lọ fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ojú wo ni yóò fi pè é ní àánú?

Ọ̀nà tí oore gbà sọ̀ kalẹ̀ náà ni ìbàjẹ́ ń gbà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ ibi tí wọ́n dáàbò bò ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin ni. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó di ọmọ òrìṣà, fi ìyókù ayé rẹ̀ jà fún un títí ó fi kú ní 2009. Àjọ UNESCO sì kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ni gígé igi níbẹ̀, èèwọ̀ ni pípa ẹja inú odò náà. Síbẹ̀, àwọn tó ń wa góòlù ní apá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sọ omi náà di pípọ́n bí ẹrẹ̀, àwọn aláṣẹ sì kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn tó wá síbi ọdún Ọ̀ṣun ní 2022 kí wọ́n má mu ún. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú kèǹgbè nítorí omi yẹn. Èèwọ̀ ṣọ́ igbó, kò lè ṣọ́ odò, nítorí odò kò bẹ̀rẹ̀ níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn ibi mímọ́, tí kò béèrè bí ìlú tó wà lókè rẹ̀ ṣe ń jẹun, ìdajì ìfẹ́ ló ní.

Yàtọ̀ sí omi, ẹ jẹ́ ká wo ìtọ́jú. Àwọn ará Ìdànrè gbé lórí òkè wọn láti ìran dé ìran, ó di àwọn ọdún 1920 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n wà báyìí. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ibojì àwọn baba ńlá wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó ju ẹgbẹ̀ta lọ ni àlejò yóò gùn kó tó dé ibẹ̀, àjọ UNESCO sì ti fi orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n ń gbèrò láti sọ di ogún àgbáyé láti 2007. Àlejò tó bá débẹ̀ á wo àpáta, á ní Ọlọ́run tóbi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ohun tó ń wò ṣì wà níbẹ̀? Ìdí ni pé àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ kò kẹ̀yìn sí i. Wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣe ètùtù, wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà Orósùn, wọ́n ṣì ń kọ̀ fún ọmọ wọn pé kó má ṣe dá oko síbi báyìí, kó má ṣe fọwọ́ kan nǹkan báyìí. A kì í ka èèwọ̀ sí iṣẹ́, àṣìṣe sì ni. Ẹni tó lè gé igi tí kò gé e, tó lè fọ́ òkúta tí kò fọ́ ọ, tó fi ebi sùn kí igbó má bàa tán, iṣẹ́ ló ṣe. Kò sí ìwé ìṣirò kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ náà bí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí aládùúrà bá lórí òkè, tó fi lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ẹnì kan ló pa á mọ́ dè é.

Àwọn ẹ̀sìn wa náà mọ èyí, bí àwa tilẹ̀ ń gbàgbé. Orí Sínáì ni Mósè ti gba òfin. Inú ihò Hírà, lára òkè tó wà lẹ́bàá Mẹ́kà, ni ìṣípayá ti kọ́kọ́ sọ̀ fún Ànábì Muhammad. Orí òkè ni Jésù máa ń lọ tó bá fẹ́ gbàdúrà ní òun nìkan. Ẹni tó bá ń sin Ọlọ́run ní ọ̀nà èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí ti jẹ òkè ní gbèsè kó tó wọ bọ́ọ̀sì rárá. Lórí ọ̀rọ̀ gbèsè fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ wọn kò fẹ́ àlàyé púpọ̀. Nínú òfin Ìsìláàmù, tí èèyàn bá kú, gbèsè rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ san kí wọ́n tó pín ogún, àwọn onímọ̀ sì kọ́ni pé kò tọ́ kí èèyàn máa ṣe sàráà pẹ̀lú owó tó yẹ kó fi san gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Jésù bá àwọn tó ń san ìdámẹ́wàá ewébẹ̀ wí nítorí wọ́n gbàgbé òdodo, ó sì kọ́ni pé kí ẹni tó mú ọrẹ dé ibi pẹpẹ, tó rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun, fi ọrẹ náà sílẹ̀ kó lọ parí ìjà ná. Àwọn oníṣẹ̀ṣe kì í wọ inú igbó láìjúbà fún onílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta, ẹ̀kọ́ kan: ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn kò lè di ọrẹ tìrẹ títí ìwọ yóò fi kọ́kọ́ san án.

Àwọn kan yóò dáhùn pé Ọlọ́run ló ni òkè, pé kò sí ọmọ ènìyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó lórí ohun tí kò dá. Mo bọ̀wọ̀ fún èsì yìí nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló ti wá, ṣùgbọ́n kò dúró. Ọlọ́run ló ni ọ̀sà náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wọ ọjà Ẹ̀pẹ́ tó gbé ẹja ọ̀bọ̀kún láìsanwó, kó ní Ẹlẹ́dàá ló ni í. Gbogbo wa gbà pé owó tí à ń san, ti òru tí apẹja kò sùn ni, ti ọkọ̀, ti àwọ̀n, ti ewu. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí òkè. Kò sí ẹni tó ń ta Ọlọ́run. Ìtọ́jú ni wọ́n ń béèrè owó rẹ̀. Ẹni tó sì ń fi orúkọ Ọlọ́run sá fún owó ìtọ́jú, Ọlọ́run kọ́ ló ń gbèjà, àpò ara rẹ̀ ló ń gbèjà.

Àtakò kejì le ju ti ìṣáájú lọ, mo sì mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí tí kò ní sọ ọ́ síta. Òun ni pé ojúbọ wà lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè wọ̀nyí. Ẹni tó bá fún ìlú náà lówó, ṣé kì í ṣe òrìṣà ló ń bọ́? Èsì mi ni pé gbèsè kì í béèrè ẹ̀sìn olówó. Ìtàn tó lókìkí láàárín àwọn Mùsùlùmí sọ pé nígbà tí Ànábì fi ayé sílẹ̀, ìhámọ́ra rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin Júù kan tó fi í dógò sí nítorí ọkà bálì. Kò ní nítorí pé ẹ̀sìn ọkùnrin náà yàtọ̀, òun kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Èèyàn lè pa òfin olùgbàlejò mọ́ láìgba òrìṣà rẹ̀ gbọ́. Ní Ọsirélíà, àwọn Anangu tó ni àpáta Uluru ti ń bẹ àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n má gun orí rẹ̀, nítorí ibi mímọ́ ni lójú wọn. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan gùn ún, títí wọ́n fi ti ọ̀nà òkè náà pa ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Àwọn àlejò tó ti dúró sísàlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn kò di olùbọ àpáta. Wọ́n kàn mọ̀ pé ilé onílé ni àwọn wà. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára kò nílò láti tẹ èèwọ̀ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ kó tó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ òun ṣì wà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn ará òkè fúnra wọn ló ń ba òkè jẹ́: àwọn ni wọ́n ń ta igi gẹdú, àwọn ni wọ́n ń fún àwọn tó ń fọ́ òkúta láyè. Irọ́ kọ́. Kò sí ìlú tí olójúkòkòrò kò sí, mi ò sì ní sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bí sórí òkè jẹ́ olùtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí òkúta náà ń lọ. Èkó kò ní àpáta. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ tó ní àpáta, bí Ògùn, ni típà ti ń gbé e wá. Ilé alájà tí a kọ́ sí etí ọ̀sà, òkè ẹlòmíràn ló wà nínú òpó rẹ̀. Gẹdú tí a fi kan òrùlé náà hù níbì kan. Tí a bá ra òkúta, tí a ra igi, tí a wá ń bú ẹni tó tà á fún wa, a ti sọ ara wa di adájọ́ nínú ẹjọ́ tí àwa gan-an jẹ́bi nínú rẹ̀. Àtakò yìí ń fi kún gbèsè náà ni. Ìlú tó bá mọ̀ pé òkè tó dúró lè bọ́ ọmọ òun, pé àlejò yóò wọ ilé oúnjẹ rẹ̀, yóò gba amọ̀nà láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, yóò sùn sí yàrá tó jẹ́ ti ará ìlú, ìlú náà ní ìdí láti sọ fún ẹni tó gbé dáínámáìtì wá pé kó padà. Ìlú tí àlejò wá láàárọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ tirẹ̀, tó gun òkè, tó da ọ̀rá omi sílẹ̀, tó lọ nírọ̀lẹ́, kí ni yóò fi dá ọmọ rẹ̀ lóhùn tó bá ní kí wọ́n ta àpáta náà?

Àtakò tó ń gbà mí lọ́kàn jù lọ ni ti àwọn tó ní owó àlejò gan-an ló ń ba òkè jẹ́. Ẹ̀rí wọn lágbára. Edmund Hillary àti Tenzing Norgay ni wọ́n kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Everest tí wọ́n sì padà wálẹ̀ láàyè, ní 1953. Hillary kò gbàgbé àwọn Sherpa, àwọn ará òkè náà, tó bá a ru ẹrù. Ní 1960, ó dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ kan sílẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n ní ilé-ìwé ni, wọ́n sì ṣí èyí tó wà ní Khumjung ní 1961. Bí ajigbèsè rere ṣe ń ṣe nìyẹn: olówó ló sọ ohun tí wọn yóò fi san án. Nígbà tó di 1964, wọ́n la pápá ọkọ̀ òfuurufú sí Lukla kí ó lè rọrùn láti kó ohun èlò wọlé. Pápá yẹn ni ẹnubodè tí àwọn àlejò rọ́ gbà wọlé. Wọ́n gé igi ìdáná títí òkè fi ń ṣí sílẹ̀, ó sì dun Hillary fúnra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ìjọba Nepal tó sọ agbègbè náà di igbó ààbò ní 1976. Ní 2014, ìjọba ibẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là dógò, kí wọ́n gbà á padà tí olúkúlùkù bá kó kìlógíráàmù mẹ́jọ pàǹtírí sọ̀ kalẹ̀. Pàǹtírí ṣì wà lókè níbẹ̀ lónìí. Ẹni tó sanwó tán lè rò pé òun ti ra àyè láti da ìdọ̀tí. Mo gba gbogbo èyí. Ohun tó fi hàn mí ni pé owó nìkan kò lè san gbèsè yìí, kò fi hàn mí pé gbèsè kò sí. Ẹni tó ba ilé ìyá rẹ̀ jẹ́, tó sì fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, ajigbèsè ṣì ni. Ìwà ni apá tó wúwo jù nínú sísan rẹ̀: kí àlejò dín kù nígbà tí òkè bá rẹ̀, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́ lóru tí ará ìlú fẹ́ sùn, kí iná má ṣẹ́ sínú koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ohun tí a rù gòkè bá wa sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí bóyá ìfẹ́ kò ní kú tí a bá sọ gbogbo nǹkan di gbèsè. Ìbéèrè yìí fani mọ́ra ní èdè mìíràn ju ti Yorùbá lọ. Láàárín wa, gbèsè tó tóbi jù lọ ni èyí tí a jẹ ìyá, kò sì sí ẹni tó ní ìfẹ́ òun sí ìyá òun dín kù nítorí ó mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Ohun tó ń pa ìfẹ́ ni kí ọmọ máa fún ìyá rẹ̀ lówó bí ẹni tó ń fún alágbe.

Ó sì yẹ kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí olùgbàlejò ni àwọn náà. Erédò Bílíkísù Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ kan, gba ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kọjá, débi pé ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè kan níbẹ̀ ń jẹ́ Erédò. Odi àti yàrà náà gùn tó nǹkan bí ọgọ́jọ kìlómítà yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó ogún mítà. Patrick Darling, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ tó mú kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1999, ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi mọ píràmídì ńlá ti Íjíbítì lọ. Òkè kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwa nìyí, ọwọ́ èèyàn ló sì mọ ọ́n. Lọ́dọọdún ni àwọn Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ń lọ síbi ibojì Súngbọ́ ní Òkè-Erí, nítorí ìtàn ní òun ni ayaba Ṣébà. Àwọn onímọ̀ kò gbà, torí ayaba Ṣébà ti wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, Erédò kò sì ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ìwádìí tuntun tilẹ̀ fà á sún mọ́ ẹgbẹ̀ta. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń gbà á, ọ̀nà ọkọ̀ ti gé e, ilé sì ń sún mọ́ ọn. Ó ti wà nínú ìwé ìgbèrò UNESCO láti 1995 láìtíì kúrò níbẹ̀. Ní ti ọ̀sà, àwọn apẹja Báyékù ní Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀ ń ráhùn lórí àwọn ọkọ̀ tó ń fa iyanrìn lábẹ́ omi, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kọ́lé sí ibòmíràn. Tí ẹni tó kó iyanrìn náà lọ bá padà wá lọ́dún Kérésì pẹ̀lú àpò ìrẹsì, tó ní kí wọ́n ya fọ́tò òun pẹ̀lú àwọn apẹja, gbogbo Ìkòròdú ló mọ orúkọ tí ìrẹsì yẹn kò lè jẹ́. Òṣùwọ̀n yẹn gan-an ni mo ní ká gbé lọ sórí òkè.

Mo bẹ àwọn olórí ìjọ, àwọn imáàmù, àwọn olùkọ́ àti àwọn alága ẹgbẹ́ ní ìlú méjèèjì. Kí bọ́ọ̀sì tó kàn tó gbéra, ẹ ránṣẹ́ sí ọba tàbí baálẹ̀ ìlú tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́. Tó bá jẹ́ irúgbìn igi ni wọ́n béèrè, ẹ má kó búrẹ́dì lọ. Ẹ jẹ oúnjẹ wọn, ẹ gba amọ̀nà wọn, ẹ san iye tí wọ́n bá dá láì ṣe ojú bí ẹni tó ń ṣe lóore. Ẹni tí kò bá lówó, kó gbá orí òkè kó tó sọ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, tí akọ̀wé ṣí ìwé ìṣirò owó, tó sì dé ìlà tí ẹ máa ń kọ àánú sí, ẹ ní kó fa igi lé e, kó kọ gbèsè.